Àṣàkẹ́ Lẹ́nu Ibodè Oògùn-ò-jẹ́

Bàbá mi àtàtà,

Inú ń bí mi sí yín. Mo mọ̀ pé ọmọ gidi kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ká kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ká tó sọ ohun tó mú wa gbé bírò. Ṣùgbọ́n àlàáfíà wo ni kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́? Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde tó kọjá, Bọ̀ọ̀dá Délé pa Àṣàkẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ká lẹ́tà yìí mọ́ mi lọ́wọ́, yóò rò pé wọ́n pa èèyàn ní Fìdítì. Àṣàkẹ́ kò ní sàréè, kò sì ní ìwé ìbí. Ẹ̀yin àti èmi la dá a, nínú eré tí a máa ń ṣe lọ́sàn-án Sátidé lábẹ́ igi kajú ẹ̀yìnkùlé wa. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tó yẹ kí irú èyí máa ṣe. Olùkọ́ ni mí ní Ìlọrà. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ máa ń kúnlẹ̀ kí mi.

Ẹ óò rántí tíṣà ará Íńdíà tó ń kọ́ni ní físíìsì nílé ẹ̀kọ́ yín nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì. Nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, ó já páálí eré kan lé yín lọ́wọ́. Kò sí pátákó nínú rẹ̀ bíi ti lúdò. Ìwé ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú dáìsì olójú púpọ̀ tí Táyọ̀ àbúrò mi sọ nù kí ọ̀sẹ̀ tó parí, tí a fi ń lo dáìsì lúdò. Olúkúlùkù á mú ẹ̀dá kan, á máa sọ ohun tí ẹ̀dá náà ń ṣe. Ẹnì kan á jókòó bí apààlọ́, òun ni yóò máa sọ bí ayé ṣe dá wọn lóhùn. Ẹ kà á tán, ẹ ní eré náà dára, ṣùgbọ́n igbó inú rẹ̀ tutù jù fún ọmọ Fìdítì, yìnyín wà lórí gbogbo igi. Ẹ bá yí i padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Yìnyín di ọyẹ́. Òkè tí wọ́n ń gùn di ọ̀nà Akínmọ̀ọ́rìn lásìkò òjò. Ẹ̀yin ni apààlọ́. Bọ̀ọ̀dá Délé ẹ̀gbọ́n mi di ọdẹ tí oògùn kún ara rẹ̀ fọ́fọ́, Táyọ̀ di alágbẹ̀dẹ tó ń bẹ̀rù iná. Èmi di Àṣàkẹ́ aparadà, obìnrin lọ́jọ́ ọjà, ẹtu láwọn ọjọ́ yòókù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún yín rí. Ọdẹ máa ń bá àwọn èèyàn yín jà, alágbẹ̀dẹ máa ń bá wọn ná ọjà, ṣùgbọ́n Àṣàkẹ́ lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ kò lè bi ọmọbìnrin yín léèrè, ẹ máa ń bi í. Nígbà tí mo kọ ọkùnrin tí gbogbo ilé fẹ́ kí n fẹ́, ẹ kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lójú mi. Ẹ bó ọsàn yín láìjẹ́ kí èèpo rẹ̀ já, ẹ gbé awò ojú síwájú orí, ẹ ń wo ọ̀nà. Lọ́sàn-án Sátidé, arúgbó kan nínú igbó bi Àṣàkẹ́ bóyá inú rẹ̀ dùn. Àṣàkẹ́ ní inú òun dùn. Ẹ mi orí, ẹ ní kí Táyọ̀ ju dáìsì. Àṣàkẹ́ nìkan ló kù láyé tí ẹ bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá kú, kò sí ibi tí mo tún ti lè bá ọ̀rọ̀ náà pàdé.

Ẹ̀yin lẹ tún dá Oògùn-ò-jẹ́ sílẹ̀, ìlú kan ṣoṣo nínú eré náà tí ohun abàmì kankan kì í ti ṣiṣẹ́. Ọfọ̀ á di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìgbàdí á di okùn ṣòkòtò. Nígbà tí ọdẹ Bọ̀ọ̀dá Délé kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ó ku òun àti ìbọn àti ojora. Ó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn jẹ́jẹ́, nítorí àfẹ́ẹ̀rí rẹ̀ ò jẹ́ mọ́. Ara tu Táyọ̀ níbẹ̀ ju ibi kankan lọ. Irin kì í béèrè ọfọ̀ kó tó pọ́n. Àṣàkẹ́ nìkan ni kò wọ ibẹ̀ rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti mú un dé ẹnu ibodè, oníbodè á fi ohùn yín tó máa ń gba imú jáde béèrè pé, "Ta ni ọ́?" Kí n tó dáhùn, ẹ ó wúkọ́, ẹ ó ní, "Ó yá, ẹ lọ jẹun." Bẹ́ẹ̀ Màámi ò tíì dáná.

Ìwé òyìnbó yẹn ní èsì tirẹ̀. Ó ní bí aparadà bá dé ibi tí oògùn kì í jẹ́, ẹ̀tàn parí, ara rẹ̀ tòótọ́ ni yóò hàn. Mo rántí bí ẹ ṣe pa ìwé náà dé. Ẹ ní, "Ta ló sọ fún wọn pé ọ̀kan lòótọ́, èkejì lẹ̀tàn? Obìnrin tó ti ná ọjà, tó ti sunkún nílé òkú, ẹ̀tàn ni wọ́n pè é?" Ẹ ní ohun tí ara bá ti kọ́, kì í ṣe oògùn ló ń gbé e ró. Ẹtu tó ti ṣe obìnrin rí á mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n rẹ́ ẹ jẹ. Obìnrin tó ti ṣe ẹtu rí á gbọ́ ìró ajá kí ajá tó mọ̀ pé òun ń bọ̀. Ẹ ní ohun tí wọ́n kọ́ lọ́nà ni wọ́n fi ń jẹun níbi tí idán ò sí. Mo gbà yín gbọ́. Láti ìgbà náà, n kò lè gbọ́ àlọ́ obìnrin àgbọ̀nrín tí ọkọ rẹ̀ kó awọ rẹ̀ pamọ́ sókè àjà kí inú má bí mi. Gbogbo èèyàn ló ń sọ bó ṣe rí awọ náà, tó sì sá lọ. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bó ṣe ń ṣe é ní gbogbo ọdún tí kò rí i, bó ṣe ń lọ ata, bó ṣe ń ṣe ojú rẹ̀ bí ajá ọkọ rẹ̀ bá ń gbó o.

Ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ ṣe fi ń dùn mí tó báyìí.

Ẹ tẹ òfin eré wa pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ náà kò ní àmì ohùn. Ẹ ní kò burú, ẹ fi bírò pupa tò ó lẹ́yìn náà, àmì lórí àmì, títí bébà náà fi dà bí ara ẹni tí yànmùyánmú jẹ mọ́jú. Gbogbo rẹ̀ lẹ fi àmì sí, àfi gbólóhùn kan. "Bi aparada ba wo Oogun-o-je, ara re ni yoo wa." Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, ní ìhòòhò.

Ẹ̀yin o, Bàbá. Ẹ̀yin tí mo kọ lẹ́tà sí láti kọ́lẹ́ẹ̀jì pé ibà mú mi, pé mo ti lo ogun, tí ẹ dá lẹ́tà náà padà pẹ̀lú bírò pupa létí rẹ̀: "Ogun wo lo lò? Ogun tí wọ́n ń jà ni, àbí ogún tí bàbá rẹ tí kò tíì kú fi sílẹ̀?" Ẹ kò béèrè bóyá ibà náà ti lọ. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ bíbí inú rẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì, òun náà ló wá fi irú gbólóhùn yìí sílẹ̀ láìsí àmì kan? Ṣé ẹ gbàgbé ni? Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni? Àbí ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n, tí ẹ kàn ń lé wa lọ jẹun?

N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ọsibítù púpọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nígbà tí dókítà pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní àwọn ti lo gbogbo oògùn tó wà, kò sí èyí tó jẹ́, Táyọ̀ wò mí, mo wo Táyọ̀, kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ ìlú tó wá sí wa lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tẹrí ba kí ẹ tó lè wọ yàrá, ẹ ti kéré lórí bẹ́ẹ̀dì bí ọmọdé. Níbi ìsìnkú, pásítọ̀ wàásù pé ẹ kò kú, pé ẹ paradà ni. Ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ló lò. Àwọn ará ìjọ ń ṣe àmín. Èmi ń wo àpótí, mò ń béèrè nínú mi pé, ẹ paradà di kí ni? Pásítọ̀ mọ̀ ọ́n dájú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn, mo sì ń bínú sí i nítorí ìyẹn kan náà. Ìwé tí mo ti kà pọ̀, Bàbá. Kò sí èyí tó jẹ́ kí n lè bá pásítọ̀ jiyàn, kò sì sí èyí tó jẹ́ kí n lè bá wọn ṣe àmín. Mo máa ń kọ ohun tí mo gbàgbọ́ sílẹ̀ lálálẹ́, mo máa ń pa á rẹ́.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Délé wọ lọ́rì akẹ́rù wá láti Ìbàdàn nítorí kò sí epo bẹntiróòlù. Táyọ̀ gun ọ̀kadà wá láti Akínmọ̀ọ́rìn, níbi tó ti ń gbin ẹ̀gẹ́ báyìí, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Òjò ti rọ̀, abẹ́ igi kajú tutù, a bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a jẹun tán, Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ ló gbé páálí eré jáde. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Àfi bó ṣe ní, "Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ lónìí. Ẹni tó ni ín ti lọ. Kò dáa ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó jókòó sórí àga yín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wa kúrò láyé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ọdẹ tirẹ̀ gbé ìbọn kọ́, ó fẹ̀yìn tì. Alágbẹ̀dẹ Táyọ̀ fi owú tó fi ń lu irin lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wá kan Àṣàkẹ́ lẹ́nu ibodè. Bọ̀ọ̀dá ka gbólóhùn yín, ó ní, "Ara rẹ̀ ni yóò wà. Ìyẹn ni pé ó bọ́ sínú ara rẹ̀. Ẹtu sì lara rẹ̀. Àwọn ará ìlú rí ẹtu lẹ́nu ibodè, wọ́n yìnbọn. Ó tán." Ó ti ń kó bébà jọ.

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín pé ẹtu lara rẹ̀?"

"Inú igbó la ti kọ́kọ́ bá a."

"Inú igbó la ti kọ́kọ́ bá ọdẹ yín náà. Kí ló dé tí wọn ò sè é jẹ?"

"Ìwọ yìí, má fi mí ṣeré o."

"Eré la ń ṣe, Bọ̀ọ̀dá."

Mo gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ara rẹ̀ ni yóò wá. Ó ń wá ara rẹ̀ lọ, bí èèyàn ṣe ń wá ewúrẹ́ tó sọ nù, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ewúrẹ́ wà kí ẹni tó ni ín tó rí i. Táyọ̀ gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó ní àwa méjèèjì ò kàwé dáadáa. "Ará rẹ̀ ni yóò wá. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń bọ̀ wá kí i. Ẹ tètè gbé ìkòkò kaná, gbogbo ẹtu inú igbó Ìmíní ló ń bọ̀ yẹn." N kò rẹ́rìn-ín. Màámi yọjú látinú ilé ìdáná, wọ́n ní, "Ẹ̀yin àgbàlagbà wọ̀nyí, nítorí ẹtu tí ò sí?" Mo ní ó wà. Mo fi ohùn tí kò yẹ kí ọmọ fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ sọ ọ́, mo bá bọ́ sẹ́yìnkùlé.

Ìdí igi kajú ni Bọ̀ọ̀dá Délé bá mi sí. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí ni, mo ti ń to èsì jọ sẹ́nu. Ó já èso kan, kò jẹ ẹ́, ó ń yí i lọ́wọ́. Ó ní, "Bí kò bá kú, oníbodè gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Kó sọ̀rọ̀ nígbà náà."

"Mo dán an wò nínú lọ́rì. Ohùn Bàbá ló ń jáde. Ẹni tó jókòó tì mí béèrè bóyá ọ̀fìnkìn ń ṣe mí." Ó tún yí èso náà lọ́wọ́. "Mi ò lè jókòó síbẹ̀, kí Màámi wà nílé ìdáná, kí n máa fi ohùn ọkọ wọn béèrè pé ta ni ọ́. Mi ò lè ṣe é."

Ó yẹ kí ìbínú mi rọ̀ nígbà náà. Kò rọ̀. Ó kàn kúrò lórí ẹ̀gbọ́n mi, ó wá bà lé yín. Ta ló ní kí ẹ̀yin nìkan jẹ́ gbogbo èèyàn? Arúgbó inú igbó, ẹ̀yin ni. Ìyálọ́jà, ẹ̀yin ni. Oníbodè, ẹ̀yin náà ni. Ẹ kó odindi ìlú sínú ọ̀fun kan ṣoṣo, ẹ wá kó o lọ. Ẹ kò kọ́ ẹnì kankan nínú wa bí wọ́n ṣe ń ṣí ibodè. Ṣé ẹ rò pé ẹ kò ní lọ ni? Ẹ wo ọmọ yín ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n, tó ń fi ìbọn ẹnu pa èèyàn nítorí pé kò fẹ́ kí ohùn bàbá rẹ̀ jáde lẹ́nu òun.

Mo padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ bọ́ sí àyè mi. Ẹ̀yin ni Àṣàkẹ́ lónìí."

"Èmi? Pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí?"

Táyọ̀ ní, "Aparadà ni wọ́n pè é. Kí ló kan irùngbọ̀n?"

Mo jókòó sórí àga yín. N kò wá ohùn yín. Mo mú ohùn obìnrin kan tó máa ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìlọrà, tí kì í gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọba ló ń kọjá. Oníbodè tèmi ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní, "Ta nìyẹn?"

Bọ̀ọ̀dá ní, "Àṣàkẹ́ ni."

"Ẹtu ni àbí èèyàn?"

"Ẹ wò mí."

"N ò ráyè wíwò. Ẹ̀gúsí ni mò ń wò. Bí mo bá gbójú sókè, èèpo á bọ́ sínú rẹ̀."

Táyọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Délé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí kò rí wọn rí. Èmi náà ò mọ ohun tó kàn. Àfi bí a ṣe gbọ́ ohùn Màámi láti ilé ìdáná, tí wọn kò bá wa dá sí eré náà rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa.

"Ẹ ní kí ọmọ náà wọlé, jàre. Ó ti dúró tipẹ́."

Mo ṣí ibodè. Àṣàkẹ́ wọlé. Mo bi í, gẹ́gẹ́ bí apààlọ́, irú ara tó wà. Bọ̀ọ̀dá Délé fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, ó rò ó títí. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀. Òùngbẹ ṣáà ń gbẹ mí." Táyọ̀ dìde, ó lọ bu omi wá, omi gidi, nínú ife, Bọ̀ọ̀dá sì mu ún tán pátápátá. Ibẹ̀ la dúró sí. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó tán.

Inú ṣì ń bí mi, Bàbá. Mo ní ẹ̀tọ́ sí i, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdúrà gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín ní ohun kan, bí n kò tilẹ̀ retí èsì. Níbi tí ẹ lọ yẹn, tí oògùn wa kò bá yín dé, ṣé ẹ ti mọ ara tí ẹ wà? Ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín? Ṣé ẹnì kan wà nílé ìdáná ibẹ̀, tí kò tilẹ̀ mọ̀ yín rí, tó gbóhùn sókè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wọlé?

Èmi ni ọmọbìnrin yín, tó ń bínú sí yín tìfẹ́tìfẹ́.